Ká Má Tijú Láti Kọ́ Ẹ̀kọ́



Ní ọdún 2006, ilé-ìkàwé ìlú Charlotte, ní North Carolina, ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fúnra wọn kọ́ ohun 23 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó parí rẹ̀ lásìkò gba ẹ̀rọ orin kékeré. Àwọn tí à ń wádìí ìwé lọ́wọ́ wọn náà tún jókòó kẹ́kọ̀ọ́ bí ọmọ iléèwé!

Kí ló wá dé tí ojú fi ń ti àwa òbí? Àwọn ọmọ ló ń bá wa tẹ kọ̀ǹpútà, a ò sì mọ ohun tí wọ́n ń kà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ wà ní ilé-ìkàwé Grayson níbí. Ẹ jẹ́ ká bá wọn lọ, ká sì béèrè. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.