Gbọ̀ngàn Ìlú Wa: Báwo Ni Ó Ti Yẹ Kí Ó Tóbi Tó?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ti ẹgbẹ́ wa

Iṣẹ́ tí ẹ rán wa ni pé kí a wádìí àwọn gbọ̀ngàn ńlá tí ó wà ní àwọn ìlú ńláńlá, kí a sì sọ ohun tí a lè rí kọ́ lára wọn, nítorí gbọ̀ngàn tí àwa náà fẹ́ kọ́ sórí ilẹ̀ tí Kábíyèsí fi ta wá lọ́rẹ.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti pín wa sí méjì. Àwọn ará wa ní ìdálẹ̀ ń fẹ́ gbọ̀ngàn tí yóò gba 5,000 ènìyàn, kí àwọn ìlú tí ó yí wa ká lè mọ̀ pé a wà láyé. Àwọn ará ilé ní kí a kọ́ èyí tí owó ọwọ́ wa ká. Bí a ti ń bá ara wa jiyàn, koríko ti bo búlọ́ọ̀kù tí a mọ sílẹ̀, owó sìmẹ́ǹtì sì ń gòkè. Àwọn ìyá tí ń ta ata àti gààrí wà nínú àwọn tí ó dá owó tí ó wà lọ́wọ́ akápò. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn lásán ni a wá sọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Orí òkè ni Gbọ̀ngàn Mápó wà ní Ìbàdàn. A fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, a sì ṣí i ní 1929, ní àkókò tí Ross jẹ́ Ajẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá rí àwọn òpó rẹ̀ lè rò pé àwọn òpó náà ni ó mú orúkọ Mápó kàn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó mú kí ó wà láàyè ni pé ìlú ń fi í ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ìlú ti ń jókòó láyé àtijọ́, níbẹ̀ ni àwọn olóṣèlú ti ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Láti 2022 dé 2025, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìbàdàn fi Olúbàdàn tuntun jẹ, Mápó ni wọ́n sì lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti gbé ọ̀pá àṣẹ lé e lọ́wọ́. Ilé tí ó kù díẹ̀ kí ó pé 100 ọdún ni.

Ní Èkó, gbọ̀ngàn méjì ni ó yẹ kí a fi wé ara wọn. Gbọ̀ngàn Ìrántí Glover ni ó ṣáájú, ní 1887. Níbẹ̀ ni àwọn ará Èkó ti kọ́kọ́ wo sinimá ní 1903, níbẹ̀ náà ni Hubert Ògúńdé ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944. Èkejì ni Ilé Eré ti Orílẹ̀-èdè ní Ìgànmú, tí ó rí bí fìlà ọ̀gágun. Àwọn ará Bùlùgéríà ni ó kọ́ ọ, wọ́n sì fi ilé kan tí ó wà ní ìlú Varna lọ́dọ̀ wọn ṣe àwòkọ́ṣe. Ìjókòó 5,000 ni ó wà nínú gbọ̀ngàn rẹ̀ tí ó tóbi jù, iye kan náà tí àwọn ará ìdálẹ̀ ń dárúkọ fún wa. A parí rẹ̀ ní 1976 fún FESTAC. Ní oṣù kìn-ín-ní 1977 ni FESTAC bẹ̀rẹ̀, kò sì pé oṣù kan tí ó fi parí.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ènìyàn 50 bá jókòó sínú gbọ̀ngàn tí ó gba 5,000, ẹ̀rọ amúlétutù kò mọ̀ pé 50 ni wọ́n. Afẹ́fẹ́ gbogbo ilé ni yóò máa tù, owó epo kò sì ní kéré. Ní 2021 ni a fà á lé àwọn báńkì lọ́wọ́ kí wọ́n tún un ṣe. Ní 2024 a fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é, a sì tún un ṣí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 2025. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n báńkì wo ni yóò wá tún ti ìlú wa ṣe?

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ilé rìbìtì kan ní Kensington tí ń jẹ́ Royal Albert Hall, tí a ṣí ní 1871 ní ìrántí ọkọ Ọbabìnrin Victoria. Òun pàápàá gba ju 5,000 ènìyàn lọ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rí owó kọ́ ọ ni ó wù wá jù lọ. Wọ́n ta ìjókòó tí ó ju 1,000 lọ ṣáájú, ní 100 pọ́n-ùn ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fún ẹni tí ó rà á ní ẹ̀tọ́ láti jókòó níbẹ̀ fún 999 ọdún. Ẹ̀tọ́ náà ṣì wà di òní. Ẹlòmíràn jogún tirẹ̀, ẹlòmíràn rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó jogún. Àwa rò pé irú èyí lè dára fún wa, ṣùgbọ́n 999 ọdún ti pọ̀ jù. Àríyànjiyàn ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù lórí àwọn oníjòókòó tí ń ta ààyè wọn ní owó gọbọi. Ọdún mẹ́wàá tó fún tiwa. Kí a kọ orúkọ ẹni náà sí ẹ̀yìn àga, kí ó má sì lè tà á.

Ohun kan wà tí owó àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò lè rà fún wọn. Àjà ilé náà ga, ó sì tẹ̀ kọrọdọ bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀, ohùn a lọ kan àjà, a sì padà wá, tí etí fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀méjì. Ní 1969, lẹ́yìn 98 ọdún, ni wọ́n tó so àwọn nǹkan pẹrẹsẹ bí olú mọ́ òkè kí ohùn má baà máa padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbìyànjú láti kọ́ ọmọ ní ìṣirò lábẹ́ páànù tí kò ní àjà nígbà òjò yóò mọ ohun tí a ń wí. Gbọ̀ngàn tí a kò ti lè gbọ́ràn, àtíbàbà sàn jù ú lọ.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ ní Chicago, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá ń gbé. Ní 1960 ni wọ́n ṣí McCormick Place sí etí adágún ńlá ibẹ̀, irin àti kọnkéré ni wọ́n fi kọ́ ọ, gbogbo ènìyàn sì ní iná kò lè jó o. Ní oṣù kìn-ín-ní 1967 iná sọ nínú àwọn ìsọ̀ tí a kọ́ fún ìpàtẹ ohun èlò ilé. Irin òrùlé rọ̀ nínú ooru, òrùlé sì wó lulẹ̀. Nígbà tí àwọn panápaná dé, ọ̀pọ̀ nínú ẹnu omi tí ó yí ilé náà ká kò fún wọn ní omi, bẹ́ẹ̀ adágún tí ó kún fún omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn olùṣọ́ kú. Ìlú tí ó ní owó tó Chicago ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní 1971 ni wọ́n tó tún un kọ́. Ẹ rántí èyí bí a bá ń sọ̀rọ̀ òpó àti àwọ̀ ọ̀dà, tí ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ kànga.

Ti Nairobi kò pẹ́ sọ. Ilé alájà 28 tí wọ́n ṣí ní 1973 ní orúkọ Kenyatta ní gbọ̀ngàn ìpàdé, ó sì tún ní ọ́fíìsì púpọ̀ nínú ilé gogoro rẹ̀. Ọjọ́ tí kò sí ìpàdé, àwọn ayálégbé ṣì wà níbẹ̀.

Ó wá ku tiwa. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. A bi ara wa léèrè pé ìpàdé wo ni ìlú wa ti ṣe rí tí yóò kún ibi tí ó gba 5,000. Ọjọ́ ọdún ìlú nìkan ni a rí. Ta ni ó sì ń jókòó sínú ilé lọ́jọ́ ọdún? Pápá ni gbogbo wa ń wà, pẹ̀lú ìlù àti aṣọ ẹbí wa. Àwọn ọjọ́ tí ó kù, ìgbéyàwó ni, òkú àgbà ni, ìpàdé ọlọ́jà ni, àti ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé nítorí ilé-ìwé ni olùkọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀, a mẹ́nu kan òkú àgbà ṣáájú.)

Ohun tí a dábàá ni gbọ̀ngàn tí ó gba 600, pẹ̀lú yàrá kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìpàdé tí kò pọ̀. Kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú rẹ̀ fẹ̀, kí ó ga, kí ó sì kọjú sí pápá, kí ó lè di pèpéle tí Kábíyèsí yóò jókòó sí lọ́jọ́ ọdún. Nígbà náà ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ 5,000, pápá yóò gbà yín, yóò sì tún gba àlejò yín. Kí ilẹ̀kùn gbogbo máa ṣí síta. Kí a gbẹ́ kànga kí a tó mọ ògiri, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin sì pọ̀ ju ti ọkùnrin lọ, nítorí àwọn ni ó ń tò sí ẹsẹ̀ ìlà níbi gbogbo. Kí a kọ́ ìsọ̀ mẹ́fà sí ojú ọ̀nà ọjà, kí owó ilé wọn máa san owó olùtọ́jú àti ti epo ẹ̀rọ amúnáwá. Kí ìdá kan nínú márùn-ún owó tí a ní wà ní báńkì fún àtúnṣe, kí akápò má sì lè fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé ìpàdé ọdọọdún pàṣẹ.

Ẹni tí ó ya àwòrán náà wà lẹ́yìn yàrá níbẹ̀ yẹn, ó sì ti tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí tábìlì. A bẹ ìpàdé kí ó wò ó, kí ó bi í léèrè ohun tí ó bá fẹ́, kí a sì dìbò lórí rẹ̀ kí oòrùn òní tó wọ̀, nítorí àwọn ará òkè òkun yóò padà lọ ní ọ̀la.