Kí Ló Wà Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Nígbà Tí Kò Sí Orí Níbẹ̀?

Tó bá jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ ti ń gbọ́ wa, ẹ kú sùúrù. Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí fóòmù, àní fóòmù tí a ń kì sábẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kó lè dúró dáadáa nígbà tí oníjó bá ti sọ ọ́ kalẹ̀.

Àgọ́sàsà la wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, ìpínlẹ̀ Ògùn. Bodè Ìdí-Ìrókò kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ò mọ bodè. Wọ́n ń jó o ní Ìlaròó àti Ìmẹ̀kọ, wọ́n ń jó o ní Kétu ní ilẹ̀ Benin. Lọ́dún 2001, UNESCO kéde rẹ̀ mọ́ àwọn àṣà tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé. Lọ́dún 2008, ó wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Àwọn ìyá wa ni wọ́n ń fi í yẹ́ sí. Ọkùnrin ló ń jó o, ṣùgbọ́n obìnrin, Ìyálàṣẹ̀, ni olórí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ère náà ṣe rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó rí fọ́tò rẹ̀ lórí Instagram rò pé ojú ni wọ́n ń fi bò. Rárá o. Orí ni wọ́n ń gbé e sí bíi fìlà, aṣọ ni yóò wá bo ojú oníjó. Abẹ́ rẹ̀ ní ihò, bí igbà tí èèyàn dojú igbá dé. Lórí ihò yẹn ni agbẹ́gilére ti ń dárà: ejò, ẹyẹ, ìyá ọlọ́jà, ọlọ́kadà, títí dórí ọkọ̀ òfurufú.

Tí ijó bá ń lọ, orí àti ọrùn oníjó ló ń gbé gbogbo ẹrù yẹn. Tí ijó bá parí, tí wọ́n gbé ère sórí tábìlì, etí ihò nìkan ló kù tó ń gbé e, ibẹ̀ sì sábà máa ń fẹ́lẹ́. Tí iwájú bá wúwo ju ẹ̀yìn lọ, ère á dojú bolẹ̀. Tí wọ́n bá fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri, ibi kan ṣoṣo ni ìṣó ti ń fà á, tó bá yá, igi á là. Iṣẹ́ fóòmù nìyẹn: kó ṣe orí fún ère tí kò sí lórí ẹnikẹ́ni.

Fóòmù wo wá ni? Gbogbo rẹ̀ la ń pè ní fóòmù, ṣùgbọ́n wọn ò rí bákan náà.

Ọ̀kan ni fóòmù ibùsùn, tí wọ́n ń pè ní polyurethane. Ó rọ̀, ó sì wà níbi gbogbo. Àmọ́ ẹ wo tìmùtìmù àtijọ́ kan nílé yín. Ó ti pọ́n bí ọsàn, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ rún un, á dà bí èlùbọ́. Ooru, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin ló ń bà á jẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tó bá jẹrà sínú ère, á lẹ̀ mọ́ igi. Ẹ lè fi ṣe ìpàtẹ ọjọ́ méjì, ẹ má fi í síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Èkejì ni polystyrene, èyí funfun tó ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n, tó ń já wóró-wóró. Ó le, ó ń ha ọ̀dà ara ère, wóró rẹ̀ sì ń wọnú ìlà tí ọ̀bẹ gbẹ́.

Ẹ̀kẹta ni polyethylene. Ó máa ń dúdú tàbí kó funfun, wọ́n sì máa ń fi í dí igun kọ̀ǹpútà nínú páálí. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á rọra padà sípò. Òun ni àwọn mùsíọ́mù ńlá ń lò, nítorí kì í tètè jẹrà. Irú rẹ̀ kan, Plastazote, Croydon ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá rí i nínú páálí, ẹ má dà á nù.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ni ère; ti egúngún yàtọ̀ sí ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lèèyàn ń fọwọ́ kàn. Ẹ da ère dé sórí aṣọ rírọ̀, kí ẹ fi páálí wọn ihò náà, bó ṣe fẹ̀ àti bó ṣe jìn tó. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé fóòmù ní abala-abala, kí abala ìsàlẹ̀ fẹ̀ ju ti òkè lọ. Ẹ má fi iná yọ́ ọ láti gé e, èéfín rẹ̀ kò dára. Igi tí wọ́n fi ń gún sùyà ni kẹ́ ẹ fi kan abala mọ́ abala, kò ní gọ́ọ̀mù nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ òwú funfun tí ẹ ti fọ̀ dáadáa wé e.

Ẹ wá gbé ère lé e. Ó gbọ́dọ̀ jókòó bó ṣe ń jókòó lórí èèyàn. Tó bá jẹ́ pé ẹ ní láti fipá tì í wọlé, ó ti tóbi jù. Ẹ gé e kù. Tó bá ń mì, ẹ fi abala kan kún un. Etí igi kò gbọdọ̀ gbé ẹrù mọ́. Ẹ máa ṣí i wò lóṣooṣù, torí kòkòrò tó ń jẹ igi fẹ́ràn ibi òkùnkùn tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe nǹkan àfisójú fèrèsé, ijó la gbẹ́ ẹ fún, tó bá gbó, ká gbẹ́ òmíràn. Òótọ́ ni. Àmọ́ kí ni ọmọdé agbẹ́gilére máa wò kó tó gbẹ́ òmíràn? Ère tó ti là, tí wọ́n jù sí kọ̀rọ̀, kì í pẹ́ bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ kò gbà kí wọ́n gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgbàṣẹ, ṣùgbọ́n òfin kò lè ṣọ́ ohun tí onílé fúnra rẹ̀ ti kà sí igi ìdáná. British Museum ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì ń tọ́jú wọn. Kò yẹ kó jẹ́ pé fọ́tò tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni ọmọ Ìpókíá á máa fi kọ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ má fi gọ́ọ̀mù sí i. Fóòmù ń bá orí gbà á dúró ni. Lọ́jọ́ tí ìlù bá dún, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí oníjó gbé ère rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran. Tí ọ̀kan bá wà nílé ẹbí yín, ẹ gbàṣẹ, kẹ́ ẹ fi fónù ya abẹ́ rẹ̀, kì í ṣe iwájú nìkan. Ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, kẹ́ ẹ béèrè pé: kí ló ń gbé e dúró? Ó dìgbà kan ná.