Snorkel: Kí Á Tó Fi Owó Àjọ Rà Á

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Baga Road, ẹ̀yin ti Monday Market, àti ẹ̀yin tí ẹ ti padà sílé ṣùgbọ́n tí ẹ kò kúrò nínú group, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ mi kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé voice note.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà omíyalé ọdún 2024, àwa mélòó kan ń lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìrọ̀lẹ́ Sunday. Àwọn tó rí mi pẹ̀lú páìpù lẹ́nu bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Alhaji wa tó ń ta ẹja gbígbẹ dábàá pé kí á yọ nínú owó àjọ, kí á ra snorkel káátọ̀nù kan láti Èkó, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan kí òjò tó dé, kí á sì ta ìyókù. Wọ́n ní bí omi bá tún dé, ẹni tó bá ní páìpù lẹ́nu á ṣáà máa mí lọ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni Alhaji, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n kí á tó dìbò, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí nǹkan yìí ń ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Ẹni tó ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, wàhálà rẹ̀ kì í ṣe apá, kì í ṣe ẹsẹ̀. Èémí ni. Bó bá fẹ́ mí, á gbé orí sókè. Bí orí bá ti gòkè, ìdí á rì, ẹsẹ̀ á tẹ̀lé e, onítọ̀hún á wá dúró ṣánṣán nínú omi bí ẹni tó ń gun àkàbà. Á lo gbogbo agbára rẹ̀, kò ní kúrò lójú kan. Snorkel á gba ìṣòro èémí yẹn lọ́wọ́ ẹ fún ìgbà díẹ̀. Wàá dojú bolẹ̀, wàá máa wo ìsàlẹ̀ púùlù, ara á tẹ́ gbalaja. Ìgbà yẹn lo máa ráyè wo ọwọ́ ẹ: ṣé ọwọ́ ọ̀tún ń kọjá sí apá òsì níwájú orí? Ṣé ọwọ́ kan ń fa omi, tí èkejì kàn ń bá a rìn? Tèmi, ọwọ́ òsì ló ń ṣọ̀lẹ.

Ti púùlù yàtọ̀ sí èyí tó ń gba ẹ̀gbẹ́ etí, tí àwọn òyìnbó fi ń wo ẹja nínú òkun. Ti púùlù gba àárín ojú gòkè, ó ní ohun tó ń di iwájú orí mú. Ẹnu la fi ń mí sínú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ imú ló máa dà ẹ́ láàmú, torí omi á fẹ́ wọ ibẹ̀. Dúró níbi tí omi kò ti ju àyà lọ, di ògiri mú, ki ojú bọmi, kí o mí lẹ́ẹ̀mẹwàá tàbí ogún láì kánjú. Bí omi bá wọ páìpù, fẹ́ ẹ jáde lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú agbára, fúù! Tó bá ti mọ́ ẹ lára, wàá wá máa lọ wàá máa bọ̀, láti ògiri dé ògiri. Ẹ má sì fi ṣe gbogbo ìlúwẹ̀ẹ́ yín. Bí mo bá lọ-bọ̀ ogún, márùn-ún péré ni mo ń lò ó, torí ẹni tí kò bá yí orí mí mọ́ á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń yí i. Ìdíje gan-an kì í gbà á láyè.

Ẹlòmíì béèrè pé kí ló dé tí a kò fi mú páìpù gígùn, kí á wọlẹ̀ dáadáa. Rárá o. Èémí tí o mí síta kì í jáde tán nínú páìpù, òun náà lo tún máa kọ́kọ́ fà sínú. Bó ṣe ń gùn sí i ni afẹ́fẹ́ tútù ń dín kù. Omi náà á sì máa tẹ àyà. Bí o bá wọlẹ̀ tó mítà kan, àyà kò ní lè ṣí dáadáa mọ́. Ẹni tó bá ní asthma tàbí àìsàn ọkàn, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà.

Ó wá ku ti omíyalé. Dáàmù Alau tó wà lórí odò Ngadda, tí wọ́n kọ́ láàárín 1984 sí 1986, ló ya mọ́júmọ́ Tuesday, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án 2024. Ó lé ní 400,000 ènìyàn tó sá kúrò nílé. Ẹ̀yin tí ẹ rí omi yẹn, ṣé omi púùlù ni? Ó ń sáré, ó dúdú, pákó, páànù àti ìgbẹ́ ń bá a lọ. Láti ọgbà ẹranko Sanda Kyarimi, wọ́n kìlọ̀ pé ọ̀nì àti ejò ti bá omi wọ àdúgbò. Ìgbì kan ṣoṣo á kún páìpù yẹn. Páìpù kì í gbé ènìyàn léfòó, kò sì lè kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó wá gbọ́kàn lé páìpù ńkọ́? Ohun tí mo ń bẹ̀rù jù nìyẹn: kí ẹnìkan dúró sílé torí ó ní snorkel, nígbà tó yẹ kó ti kó ọmọ jáde.

Akinrodoye Samuel wẹ gbogbo gígùn Third Mainland Bridge ní Èkó, kìlómítà 11.8, ní oṣù kẹta 2024. Ara tó ti mọ omi ló gbé e dé òdìkejì.

Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí a fi ń pọn omi. Bó bá ṣófo tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa, tí o sì gbá a mọ́ àyà, ó lè gbé orí àti èjìká àgbàlagbà sókè omi. Ó wà nílé gbogbo wa, kò náni ní kọ́bọ̀. Síbẹ̀, kí á tètè kúrò ló sàn ju kẹ́ẹ̀gì lọ.

Àbá tèmi ni pé kí á fi owó yẹn san owó kóòṣì fún àwọn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, pàápàá àwọn ìyá wa, tí wọ́n ní àwọn kò lè wọ púùlù pẹ̀lú ọkùnrin. A lè bá òtẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀ kí wọ́n ní wákàtí tiwọn. Alhaji, ẹ má bínú sí mi o, mo ṣì ń bọ̀ wá ra ẹja.

Alẹ́ Thursday la máa dìbò, ẹ kọ "kóòṣì" tàbí "káátọ̀nù" sí group. Ẹni tó bá sì fẹ́ dán snorkel wò lọ́jọ́ Sunday, kí ó mú tirẹ̀ wá. Èmi kì í yá ènìyàn ní ohun tí mo fi sẹ́nu.