Díẹ̀díẹ̀ Là Ń Gun Òkè: Bí A Ṣe Lè Tún Oko Kòkó Àtijọ́ Gbìn

Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè àti agbègbè rẹ̀

 Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò gùn. Ó dá lórí ohun tí olúkúlùkù wa ní lọ́kàn láti ṣe, tí ọdún ń gorí ọdún tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bi àgbẹ̀ Ìdànrè léèrè pé kí ló ń fẹ́. Ọ̀kan á ní, "Mo fẹ́ tún oko kòkó tí baba mi fi sílẹ̀ gbìn." Òmíràn á ní, "Mo fẹ́ fi kòkó rán ọmọ mi lọ sí yunifásítì." Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ wọ inú oko náà lọ. Igi ti gbó, èso ń dúdú lórí igi nígbà òjò, igi mẹ́wàá kò so tó ohun tí mẹ́ta ń so tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá bi onítọ̀hún pé ìgbà wo ló máa tún un ṣe, á ní, "Tí owó ńlá bá dé." Owó ńlá ọ̀hún kì í tètè dé. Tó bá sì dé, ó ti bá ìnáwó mìíràn nílẹ̀.

Ẹ wo Òkè Ìdànrè tó yí wa ká yìí. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló gòkè lọ sí ìlú àtijọ́, níbi tí àwọn baba ńlá wa gbé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè ní àwọn ọdún 1920. Kò sẹ́ni tó lè fò ó. Bó bá rẹ èèyàn, ibi ìsinmi wà lọ́nà, á jókòó, á mí, á tún dìde. Ẹni tó dúró sísàlẹ̀ tó ń wo ṣóńṣó òkè, ẹ̀rù ni yóò bà á. Ẹni tó ń wo àtẹ̀gùn tó kàn, yóò débẹ̀.

Kòkó fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló fi tàn dé ilẹ̀ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni J.P.L. Davies dá oko kòkó sílẹ̀ lẹ́bàá Agége. J.K. Coker àti àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn ọkùnrin láti inú ilẹ̀ Yorùbá lọ ṣiṣẹ́ alágbàṣe níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, wọ́n mú irúgbìn dání, wọ́n sì mú ọgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Ọ̀kan pàtàkì nìyẹn nínú ọ̀nà tí kòkó gbà wọ ìgbèríko wa. Ohun tí alágbàṣe lè gbé dání ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ewu tó wà nínú ìkánjú. Láti 1986 tí ìjọba ti tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó ká, ọjà àgbáyé ló ń pàṣẹ iye. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là, irú èyí tí a kò rí rí. Nígbà tó di 2025, owó náà tún wálẹ̀. Ẹni tó bá torí owó 2024 gé gbogbo igi baba rẹ̀ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni yóò tà títí tuntun yóò fi so? Ẹni tó bá sì fi kòkó tí kò tíì so dógò lọ́wọ́ oníṣòwò, ta ni yóò kó èrè? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹ gbé e báyìí. Ká ní éékà 4 ni oko yín. Ẹ má fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀. Ẹ mú ìdajì éékà, níbi tó ti burú jù.

Ìkíní: Ẹ wọ́n ọn, kí ẹ ka iye ọmọ kòkó tí yóò gbà. Bí a bá gbìn ín ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10, ìdajì éékà kò gbà ju nǹkan bí 220 lọ.

Ìkejì: Ẹ wá irúgbìn gidi. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, tí a dá sílẹ̀ ní 1964, ti gbé irú tuntun mẹ́jọ jáde, TC1 títí dé TC8, wọ́n sì ní ibùdó ní Ọ̀wẹnà níhìn-ín. Èso kòkó kan máa ń ní kóró bíi 30 sí 40. Ẹ ò rí i pé èso mẹ́wàá péré tó fún ìdajì éékà, tí a bá tilẹ̀ yọ èyí tí yóò kú kúrò! Kóró kòkó kì í pẹ́ kú, ẹ gbìn ín kíá tí ẹ bá là á.

Ìkẹta: Ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní, ẹ gbìn ín sínú àpò ọ̀rá, nítòsí omi, kí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lórí. Bí ìyàwó àti àwọn ọmọ bá jọ ń bomi rin ín, iṣẹ́ rẹ̀ kò wúwo.

Ìkẹrin: Ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sójú ilẹ̀ náà ṣáájú. Yóò ṣíji bo ọmọ kòkó, yóò sì mówó wọlé ní bí ọdún kan, kí kòkó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Nígbà tí òjò bá dúró dáadáa, ní oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà, ẹ kó ọmọ kòkó jáde lọ gbìn.

Ìkarùn-ún: Éékà mẹ́ta àti ààbọ̀ tó kù ni yóò máa bọ́ yín. Ẹ máa já èso tó bá dúdú kúrò lóṣooṣẹ̀, kí ẹ má dà á sábẹ́ igi. Ẹ gé ẹ̀ka tó bá dí, kí afẹ́fẹ́ wọlé. Èyí kò gba owó, ọwọ́ ló gbà.

Ní ọdún kejì, ẹ tún mú ìdajì éékà mìíràn. Ẹ̀bi kò sí bí ọdún kan bá le tí ẹ fi sinmi. Ẹ tọ́jú èyí tí ẹ ti gbìn. Irú tuntun tí a bá tọ́jú dáadáa lè bẹ̀rẹ̀ sí í so ní bí ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ẹ bá fi máa gbin ìpín kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ti àkọ́kọ́ ti ń sanwó fún un. Ọdún mẹ́jọ, oko yín ti di ọ̀tun, ẹ kò sì jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ọ̀rọ̀ yín wà lọ́tọ̀. Kí ẹ tó gé igi kan, ẹ bá onílẹ̀ sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ó ṣe pín kòkó tuntun. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ọmọ kó má ní ààlà. Ẹ má sì sọ pé oko kò tó, kí ẹ wá wọ igbó ọba lọ. Òfin kò gbà á, òjò tí igbó náà ń fà wá sì ń ṣe kòkó wa láǹfààní.

Ẹ ra ìwé kékeré kan ní náírà díẹ̀. Kọ́kọ́ kọ ohun tí o fẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, kọ ohun tí wàá ṣe lọ́dún yìí nìkan. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, kó jẹ́ kí ọmọ bá a kọ ọ́. Ọmọ náà á mọ ibi tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ń lọ, ó sì lè bá wọn parí rẹ̀.

Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, ṣùgbọ́n èso kòkó mẹ́wàá kò wọ́n jù fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Tí ẹ bá dé oko lọ́la, ẹ fi okùn wọn ìdajì éékà yẹn, kí ẹ sì pe òṣìṣẹ́ ADP tó wà ládùúgbò yín kó wá wò ó.

Irúgbìn á yè, ilẹ̀ á gbè wá o.