Orúkọ Tó Wà Lára Àkàrà

Mo júbà Olódùmarè, mo júbà àwọn Òrìṣà. Mo júbà àwọn tí ọkọ̀ ẹrú gbé sọdá òkun, àti àwọn tí kò dé èbúté.

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan nínú wa ní kí á má kọ orúkọ Ọya sí ara pátákó níbi tí a ó ti máa ta àkàrà lọ́jọ́ ọdún, kí ẹ̀rù má baà ba àwọn aládùúgbò. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí àṣà ṣe ń rìn.

Àwọn onímọ̀ jíógíráfì ní ọ̀nà tí àṣà ń gbà tàn kálẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan ni kí aládùúgbò máa wo ara wọn kọ́ṣe. Torsten Hägerstrand, ọmọ ilẹ̀ Sweden, kọ ìwé lórí irú èyí ní 1953, nípa bí àgbẹ̀ ṣe ń gba ohun tuntun lọ́dọ̀ àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni kí àwọn èèyàn ṣí kúrò nílé, kí wọ́n gbé àṣà wọn dání. Wọ́n á ní ibẹ̀ ni tiwa bọ́ sí. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò ṣí o; wọ́n jí wọn gbé ni.

Kí ni obìnrin tí wọ́n jí gbé lè mú dání? Ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó mọ bí a ṣe ń rẹ ẹ̀wà, tí a ń bó èèpo rẹ̀, tí a ń lọ̀ ọ́, tí a ń pò ó títí yóò fi fúyẹ́, tí a ó wá dín in nínú epo pupa. Ní Salvador, ìpínlẹ̀ Bahia ní Bùràsíìlì, irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ń gbé oúnjẹ lórí kiri ìgboro. Owó ọjà kíkiri ni àwọn mìíràn fi ra ara wọn padà. Àkàrà di “acarajé” lẹ́nu wọn. Ẹ ó gbọ́ “jẹ” nínú rẹ̀. Ti Ọya ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní Iansã níbẹ̀. Wọ́n ń là á láàárín, wọ́n ń fi vatapá àti edé sí i. Ará Ìbàdàn lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èyí kò bí mi nínú. Èkó náà ṣáà ń jẹ “frejon” lọ́jọ́ Jímọ́ Rere, ẹ̀wà olómi àgbọn tí àwọn Àgùdà gbé ti Bùràsíìlì bọ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú ni pé àwọn oníwàásù kan ní Bahia ń ta àkàrà kan náà, epo kan náà, wọ́n sì ń pè é ní “bolinho de Jesus”, àkàrà Jésù. Wọ́n gba oúnjẹ, wọ́n lé ẹni tó ni ín. Ìwé lè pe ìyẹn náà ní ìtànkálẹ̀ àṣà. Àwọn obìnrin alákàrà kò gbà. Ní 2005, IPHAN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ohun ìní ìbílẹ̀ ní Bùràsíìlì, kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ìjọba, pẹ̀lú ìsopọ̀ rẹ̀ mọ́ Òrìṣà.

Àwa wá fẹ́ fọwọ́ ara wa yọ orúkọ náà?

Mo ti ra ọ̀dà pupa. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dára nídìí ìwé kíkọ, kó dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé.