Ìwé Ìpolówó Sinimá Lára Ògiri: Èyí Tí Ó Dára àti Èyí Tí Kò Dára

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní àpéjọ oṣooṣù, ní Tẹ́júoṣó, Èkó

 

Bí ẹnìkan bá gbọ́ pé olùkọ́ tí ó tún jẹ́ àlùfáà fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwé ìpolówó sinimá, ó lè ṣe é ní kàyéfì. Yóò ní: kí ni ó kan irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí àwọn ọmọkùnrin ń lẹ̀ mọ́ ògiri lóru? Ìdáhùn wa nìyí: ní ìlú Èkó, ògiri ni ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà. Ẹni tí kò ra ìwé ìròyìn Yorùbá rí, tí kò sì ṣí ìwé ìtàn kankan láti ọjọ́ tí ó ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kò lè ṣàì ka ògiri nígbà tí ó bá ń lọ láti Yábàá sí Ojúẹlẹ́gba. Bí ohun tí a kọ síbẹ̀ bá jẹ́ irọ́, tàbí tí ó jẹ́ Yorùbá jákujàku, òun náà ni àwọn ọmọ wa yóò fi ṣe àwòkọ́ṣe. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ yìí fi kan ẹgbẹ́ wa.

Iṣẹ́ ìpolówó kì í ṣe àlejò láàrin wa. Kí sinimá tó dé ni a ti ń polówó. Ẹ jẹ́ kí a rántí obìnrin tí ń kiri àgbàdo sísun ní ìrọ̀lẹ́. Kò ka iye ọmọ tí ó wà lára àgbàdo kan fún wa. Kò dárúkọ oko tí a ti ṣẹ́ ẹ. Kò sọ irú igi tí ó fi dáná. Ó kàn fi ohùn dídùn sọ fún wa pé ó ti jinná, itọ́ a sì máa dà lẹ́nu wa. Ó mọ̀ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ní ti wa, inú òwe yìí ni gbogbo òfin ìwé ìpolówó wà. Kí ó sọ ààbọ̀. Kí ààbọ̀ náà jẹ́ òtítọ́. Kí ẹni tí ń kọjá lọ sì lè kà á. Èyí tí ó bá pa òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ni ó dára. Èyí tí ó bá rú wọn, bí ó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ máa tàn tó, kò dára.

Kí a tó tú òfin wọ̀nyí wò, ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1895 ni àwọn ọmọ ìyá méjì tí ń jẹ́ Lumière kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ àwọn òǹwòran sinimá ní ìlú Paris. Nígbà tí a ya ìwé ìpolówó fún wọn, kì í ṣe ẹ̀rọ wọn ni a yà. Àwọn òǹwòran ni a yà, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí olùtọ́jú ọgbà kan tí omi tú sí lójú. Ẹ̀rín ni a fi ta ọjà náà. Ní ọdún 1903, sinimá dé Glover Memorial Hall ní Èkó níhìn-ín. Nínú gbọ̀ngàn kan náà ni Hubert Ògúndé ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1944. Nígbà tí ó yá, àwọn eléré wa gbé eré orí ìtàgé wọ inú sinimá: Àjàní Ògún ní ọdún 1976, èyí tí Ọlá Balógun darí, tí Adéyẹmí Afọláyan sì ṣe olórí eré inú rẹ̀, Aiyé ti Ògúndé ní ọdún 1979, Ọ̀run Móoru ti Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ní ọdún 1982. Láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ń gbé eré àti sinimá wọn kiri, ìwé ìpolówó a sì máa ṣíwájú wọn bí ìránṣẹ́ ọba. Wọn a fi àyè funfun sílẹ̀ lára rẹ̀, kí a lè fi ọwọ́ kọ orúkọ gbọ̀ngàn àti ọjọ́ tí eré yóò wáyé sí i.

Òfin kìíní ni pé kí ìwé náà sọ ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ ọ̀nà tí ó gba iwájú ọjà Tẹ́júoṣó yìí kọjá, níbi tí a kọ́ ilé ọjà alájà sí lẹ́yìn tí iná jó ti àtijọ́ ní ọdún 2007. Ní ọjọ́ Sátidé kan, a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ wá, a ní kí wọ́n wọ dáńfó láti Yábàá, kí wọ́n sì máa wo ara ògiri bí ọkọ̀ ti ń lọ. Wọn kò tíì ka ení dé àrún tí ìwé kan fi kọjá lójú wọn. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, a bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí. Ìwé kan wà tí ó ní orí ènìyàn mẹ́rìnlá. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tí ó lè sọ ohun tí sinimá náà dá lé. Òmíràn ní ọ̀dọ́mọbìnrin kan ṣoṣo, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ru ẹrù, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn tí a tì. Gbogbo wọn ni ó rántí èyí. Wọ́n sì ń bi ara wọn pé: ta ni ó tì í síta? Ọkọ ni, tàbí ìyá ọkọ? Ó ṣẹ̀ ni, tàbí wọ́n purọ́ mọ́ ọn? Ẹ ò rí i bí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ti di odidi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní òkèèrè. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé sinimá Jaws jáde ní ọdún 1975, ohun méjì péré ni ó wà nínú àwòrán Roger Kastel tí a fi polówó rẹ̀: obìnrin kan tí ń wẹ̀ lójú òkun, àti ẹja ńlá tí ó la ẹnu, tí ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Obìnrin náà kò rí ẹja. Àwa ni a rí i. Kò ya ọlọ́pàá, kò ya ọkọ̀ àwọn tí yóò lọ dọdẹ ẹja náà. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1958, Saul Bass fi ìlà tí ń yí bí ìjì, àti ọkùnrin kan tí ń já bọ́ sínú rẹ̀, polówó sinimá Vertigo, tí ó jẹ́ ìtàn ẹni tí òòyì ń kọ́ bí ó bá wà lókè. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá yóò mọ̀ pé nǹkan ń yí.

Kí ni ó wá dé tí orí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára ìwé tiwa? A kò gbọdọ̀ fi ẹnu tẹ́ ẹnikẹ́ni kí a tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Nígbà tí fídíò gba ipò lọ́wọ́ sinimá, tí àwọn oníṣòwò Ìdúmọ̀tà sì di ẹni tí ń náwó sí eré, ojú tí a mọ̀ ni wọ́n fi ń ta ọjà. Wọn kò sì ṣi í. Ẹni tí kò mọ̀wé yóò rí ojú Bàbá Sàlá pẹ̀lú awò ńlá rẹ̀, yóò sì mọ̀ pé ẹ̀rín ni a fẹ́ tà fún òun. Ojú kan bẹ́ẹ̀ tó ìwé kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo eléré bá fẹ́ kí ojú tirẹ̀ hàn, tí kò sì sí ẹni tí yóò gbà kí orí tirẹ̀ kéré, ìwé náà kò sí fún òǹwòran mọ́. Ó ti di àga ìjókòó àwọn olóyè. Àìsàn yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ọdún 1974, nígbà tí Steve McQueen àti Paul Newman jọ ṣe sinimá The Towering Inferno, nítorí kí ẹnìkan má baà ju ẹnìkejì lọ, a gbé orúkọ ọ̀kan sí apá òsì nísàlẹ̀ díẹ̀, a sì gbé ti èkejì sí apá ọ̀tún lókè díẹ̀. Ẹni méjì péré nìyẹn o! Bí ó bá di mẹ́rìnlá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Òfin kejì ni òtítọ́. Ní ilẹ̀ Gánà, ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1999, àwọn kan ń gbé tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ fídíò àti ẹ̀rọ amúnáwá láti ìletò dé ìletò, wọ́n ń fi sinimá han àwọn ènìyàn. Àwọn ayàwòrán a tú àpò ìyẹ̀fun, wọn a rán an pọ̀, wọn a sì fi ọ̀dà ya ìwé ìpolówó sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn tayọ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òyìnbó fi ń rà á kiri. Ní ọdún 2000, Ernie Wolfe ará Amẹ́ríkà kó wọn jọ sínú ìwé kan tí ó pè ní Extreme Canvas. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ya ejò, agbárí àti ẹ̀jẹ̀ tí kò sí nínú sinimá rárá. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ wo sinimá náà kí wọ́n tó yà á. Kí ni kí a wí sí èyí? A wí pé àwòrán náà dára, ìpolówó náà ni kò dára. Ẹni tí ó rà á láti fi kọ́ sí ilé ní Amẹ́ríkà kò pàdánù ohunkóhun. Àgbẹ̀ tí ó fi owó oko rẹ̀ san owó ìwòran ní ìletò ni a rẹ́ jẹ.

Àwa náà ní irú tiwa. Bí ìtàn bá jẹ́ ti ìjà orogún, tí a wá ya ọkọ̀ òfúrufú àti ìbọn sára ìwé rẹ̀, irọ́ ni. Bí a bá gé ìtàn kan sí méjì, tí a kò sì kọ ọ́ sí ara ìwé pé apá kìíní ni, títí ẹni tí ó rà á fi jókòó ti ìdílé rẹ̀ tí ó sì bá a nígbẹ̀yìn pé kí òun máa retí apá kejì, irọ́ ni. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti sinimá kò tó ogún ọdún. Kí iná gbọ̀ngàn tó tàn padà ni òtítọ́ yóò ti bá a. Ẹni tí a bá tàn jẹ lẹ́ẹ̀kan kì yóò wo ògiri wa mọ́, olóòótọ́ tí ó bá dé lẹ́yìn wa ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Òfin kẹta ni pé kí a lè kà á. Òun ni ó sì ń dùn wá jù. A kọ OGUN gàdàgbà sójú pátákó ìkọ̀wé níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láìfi àmì sí i. Ẹnìkan kà á sí ogun tí à ń jà, ẹnìkejì kà á sí ogún tí bàbá fi sílẹ̀, ẹnìkẹta sì kà á sí Ògún tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń bọ. Ìtàn mẹ́ta nìyẹn lára ìwé kan! Bí a bá kọ ỌKỌ ńkọ́? Ẹni tí ó fẹ́ wo ìtàn ìgbéyàwó lè bá ara rẹ̀ nídìí ìtàn awakọ̀. Bí a bá sì lọ yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò, ó di ohun tí a kò lè kà sókè níwájú ẹ̀yin ìyá wa.

Àwọn tí ń ya ìwé wọ̀nyí ní àwíjàre méjì. Èkíní, wọ́n ní àmì ń ba ẹwà àkọlé jẹ́. A dáhùn pé ẹni tí ó mọ lẹ́tà í ṣe yóò fi àmì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, gẹ́gẹ́ bí ilà ti ń bu ẹwà kún ojú. Èkejì, wọ́n ní ẹ̀rọ kò ní àmì. Lọ́dún 1859 ni a ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn ní èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta, ọdún 1875 sì ni a ṣe àpéjọ ní Èkó níhìn-ín láti fìdí ọ̀nà kíkọ èdè wa múlẹ̀. Bí àwọn tí ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé bá lè ṣe é nígbà náà, kí ni yóò dí ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà lọ́wọ́? Yaba College of Technology, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, tí Yusuf Grillo sì ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò jìnnà sí wa. Ṣómólú tí ó kún fún àwọn atẹ̀wé kò jìnnà. Kì í ṣe ọwọ́ tí yóò ṣe é ni a kò ní.

Àkókò sì ti tó láti ṣe é. Ògiri ti ń wọ inú fóònù. Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọdún 2022 gba orí Netflix dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ ọ̀nà Èkó rí. Nínú fóònù, ìwé ìpolówó kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Orí mẹ́rìnlá yóò dà bí ẹ̀wà inú ìgò, àkọlé tí kò ní àmì yóò sì rú àwọn ọmọ Yorùbá tí a bí sí òkè òkun lójú, nítorí kò sí ìyá àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí yóò là á yé wọn.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Kí olúkúlùkù wa tí ó ní ògiri tàbí ṣọ́ọ̀bù tí a ń lẹ ìwé mọ́ bi ẹni tí ó gbé e wá léèrè pé: kí ni ìtàn yìí dá lé, ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú rẹ̀, báwo ni a sì ti ń ka orúkọ rẹ̀? Kí a yin èyí tí ó dára, nítorí ọmọ tí a bá yìn ni í tún ṣe. Kí a sì tọ́jú ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú èyí tí ó dára, kí a kọ ọjọ́ àti ibi tí a ti rí i sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ìlú òyìnbó ni àwọn ọmọ wa yóò ti lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ wa, gẹ́gẹ́ bí ó ti dé bá àwọn ará Gánà.

Ní apá tiwa, àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti pinnu pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe sinimá Yorùbá, tí ó bá mú àkọlé rẹ̀ wá kí ó tó gbé e lọ sí Ṣómólú, a ó fi àmì sí i fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bá wa kéde rẹ̀ ní ọjà.