Ohùn Àgbà Kò Gbọdọ̀ Bá Àgbà Wọlẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ìkìlọ̀ ni òwe náà jẹ́ fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá jù. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ mìíràn tún wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó bá ronú sí i: ohùn tí a kò tọ́jú, bí ó ti ń jáde lẹ́nu ni ó ń ṣègbé. Ọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú ohùn ni àsọyé òní dá lé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan gbogbo ilé ni Boundary ní Èkó. Ààlà ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Ní apá kan ni Àpápá wà pẹ̀lú èbúté ọkọ̀ òkun rẹ̀; ní apá kejì ni Ajégúnlẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń kéde pé ibẹ̀ ni ajé gúnlẹ̀ sí. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1967, abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Àpápá wà, Ajégúnlẹ̀ sì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Lónìí, ìpínlẹ̀ kan náà ni ó ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n oríta ni ibẹ̀ ṣì jẹ́. Yorùbá ń gbé ibẹ̀, Ìgbò ń gbé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ùròbò, Ìjọ́ àti Haúsá. Iṣẹ́ èbúté àti òwò ni ó kó ọ̀pọ̀ wọn wá, èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì lè máa dún nínú àgbàlá kan ṣoṣo.

Àǹfààní ni irú ìbágbépọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń kọ́ni ní ìfaradà. Ṣùgbọ́n àdánù kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí àwọn ọmọ lè gbọ́ ara wọn yé ní ìta, Píjìn ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí ó bá yá, wọ́n a mú èdè ìta náà wọlé, wọn a sì máa fi í dá ìyá wọn lóhùn. Ìyá àgbà tí ó ti oko wá tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò jí ní òwúrọ̀, yóò máa kì í. Ọmọ náà mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kì, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Lọ́jọ́ tí ìyá àgbà bá fi ilẹ̀ bora, oríkì ìdílé náà bá a lọ nìyẹn, nítorí kò sí ibì kan tí a tọ́jú rẹ̀ sí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń di ẹ̀bi èyí ru ẹ̀rọ. Wọ́n ní amóhùnmáwòrán àti fóònù ni ó gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Ìtàn kò gbè wọ́n tán. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, baba àgbà Fẹlá olórin, kọ orin ní èdè Yorùbá ní ìlú London, ilé-iṣẹ́ Zonophone sì gbà á sínú àwo. Ọdún 1930 ni ó kú. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún báyìí tí ó ti sùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ṣì lè gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ ni ó ṣe é.

Ẹlòmíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwòkọ́ṣe ni olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, Adébóyè Babalọlá, tí a bí ní ọdún 1926, tí ó sì di olóògbé ní ọdún 2008. Ó kàwé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìgbóbì ní Èkó, ó kàwé ní Achimota ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, ó sì kàwé dé Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó padà dé, Ìgbóbì kan náà ni ó ti ṣe olùkọ́, tí ó sì di ọ̀gá àgbà. Ẹni tí ó kàwé tó bẹ́ẹ̀ ní ayé ìgbà náà lè wí pé ohun tí ọdẹ ń sun níbi ọdún Ògún kì í ṣe ohun tí ọ̀mọ̀wé ń fetí sí. Babalọlá kò wí bẹ́ẹ̀. Ó tọ àwọn oníjàálá lọ, ó gba ohùn wọn sílẹ̀, ó kọ ọ́ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì wádìí ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1966 ni ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní Oxford, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ ní Yorùbá àti ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1967, ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Àwọn Oríkì Orílẹ̀ tún jáde. Lẹ́yìn Ìgbóbì, ó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kò mọ ìjálá, kò sì mọ oríkì. Ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ ni ó mọ ẹni tí ó yẹ kí òun jókòó tì. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọdé ni ó ni fóònù, ṣùgbọ́n àgbà ni ó ni ọ̀rọ̀. Bí àwọn méjèèjì kò bá pàdé, òfìfo ni fóònù, ilẹ̀ ni yóò sì jẹ ọ̀rọ̀.

Nígbà tí àpótí rédíò onílé-dé-ilé kọ́kọ́ dé Èkó ní ọdún 1935, ẹni tí ó jókòó sílé ń gbọ́, kò sì lè fèsì. Abájọ tí Yorùbá fi sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Fóònù alágbèéká tí ó tàn ká ilẹ̀ Nàìjíríà láti ọdún 2001 kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ, ó sì ń gba èsì. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí ó jẹ́ ẹrù ní ayé Babalọlá ti wọ inú àpò alábàárù àti ìyá aláta ní Boundary. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ ṣì ń lò ó bí asọ̀rọ̀mágbèsì: wọ́n ń gbọ́ ti ẹlòmíràn, wọn kò fi ti ilé wọn sínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é kò le. Kí a kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà, kí a sì sọ ohun tí a fẹ́ fi ohùn rẹ̀ ṣe. Bí ó bá ní ọ̀rọ̀ kan kì í ṣe ti gbangba, kí a pa ẹ̀rọ. Àárọ̀ kùtùkùtù ni ó dára jù, kí jẹnẹrétọ̀ àti fèrè ọkọ̀ tó gba àdúgbò. Kí a kọ́kọ́ sọ orúkọ àgbà náà, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí a ń gba ohùn náà. Kí a má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá parí, kí a béèrè ọ̀rọ̀ tí kò yé wa, nítorí oríkì tí a kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dà bí àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù. Kí a sì fi ẹ̀dà kejì sí ọwọ́ mọ̀lẹ́bí mìíràn, nítorí fóònù ń bọ́ sómi, olè sì ń jí i.

Iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀. Ohùn tí a tì mọ́ inú ẹ̀rọ, tí ẹnikẹ́ni kò tún gbọ́, kò yàtọ̀ sí èyí tí a sin. Kí a máa ṣí i fún àwọn ọmọ, kí wọ́n máa tẹ̀ lé e, títí tí yóò fi padà sí ẹnu wọn. Ohun tí ó kan Yorùbá kan Ìgbò àti Ùròbò tí ń bẹ nínú àgbàlá kan náà. Kí olúkúlùkù tọ́jú ti ilé rẹ̀. Àgbà tí ó wà láàyè lónìí ni kí a lọ jókòó tì lónìí. Kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀la.